Àjálù Kọjá Lọ, Ìpayà Rẹ̀ Kò Bá A Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí iná jó ilé wọn lóru ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Orí kó àwọn àti àwọn ọmọ wọn yọ. Láìpẹ́ yìí ni mo lọ sùn ní ilé tuntun tí wọ́n ń gbé, mo sì ṣàkíyèsí pé kí wọ́n tó wọ yàrá lọ sùn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ wo sítóòfù, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án wò bóyá ó ti tutù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n to bàtà wọn sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí wọ́n sì kọ imú bàtà náà sí ọ̀nà ilẹ̀kùn. Mo bi wọ́n pé kí ni ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi tẹ àfọ́kù ìgò lóru ọjọ́ yẹn." Èmi náà sì dáhùn bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe máa ń dáhùn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó mà ti kọjá. Ẹ gbé e kúrò lọ́kàn." Wọ́n wò mí, wọn kò fèsì, wọ́n pa iná. Láti òru ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ti ń dùn mí, òun ni ó sì mú kí n kọ èrò ọkàn mi yìí.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ohun tí a ń pè ní "ó ti kọjá" kì í tètè kọjá lára ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí, àti pé ohun tí àwọn tó yí i ká bá ṣe lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, tàbí tí wọn kò bá ṣe, ń nípa lórí ìlera ọpọlọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí a máa kà á mọ́ àjálù náà fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí ogun bá parí, tí omíyalé bá fà, tàbí tí ilẹ̀ bá mì tán, a máa ń ka òkú, a máa ń ka ilé tó wó, a sì máa ń ṣírò owó tí a ó fi tún ìlú kọ́. Ẹni tí oorun dá lójú rẹ̀ kì í sí nínú ìṣirò náà.

Bí ọgbẹ́ ọkàn ṣe ń dúró síni lára kì í ṣe àdììtú. Nígbà tí ikú bá sún mọ́ ènìyàn, ọpọlọ a ta gbogbo ara jí: àyà a máa lù kìkì, èémí a yára, iṣan a le, etí a là sílẹ̀, kí ẹni náà lè sá tàbí kí ó lè jà. Bí ewu bá ti kọjá, ó yẹ kí ara rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n lára àwọn kan, ara kò gbà pé ewu ti lọ. Ìrántí ìṣẹ̀lẹ̀ náà kì í sì wọ inú àwọn ìrántí àtijọ́ kí ó jókòó síbẹ̀. Òórùn èéfín díẹ̀, ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ tì gbàgà, tàbí ohùn ẹnì kan lásán lè gbé e dìde, kí ó sì dà bí ẹni pé ìsinsìnyí gan-an ni ó ń ṣẹlẹ̀. A máa ń sọ pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. A sábà máa ń fi òwe náà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ àlàyé tó péye ni nípa ohun tí ẹ̀rù ń ṣe sí ọpọlọ. Lẹ́yìn èyí ni àlá burúkú ń tẹ̀ lé, àti ìbínú òjijì, àti yíyẹra fún ibikíbi tó bá lè ránni létí, títí tí ọkàn yóò fi kú débi pé kò mọ ayọ̀ mọ́, kò sì mọ ìbànújẹ́. Ti àwọn mìíràn a di ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí kò lọ bọ̀rọ̀, ti àwọn kan a di ọtí.

Ó pẹ́ kí ayé tó gbà pé àìsàn ni èyí. Ní ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, oníṣègùn ará Bìrìtìkó kan, Charles Myers, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet nípa ọmọ ogun mẹ́ta tí àdó olóró bú gbàmù nítòsí wọn, tí ìrántí wọn sì dàrú, tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, tí wọn kò sì gbọ́ òórùn tàbí mọ adùn oúnjẹ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Shell shock, ìyẹn ìpayà àdó olóró, ni wọ́n pè é nígbà náà. Nínú ogun kan náà yìí, ìjọba Bìrìtìkó yìnbọn pa ọmọ ogun 306 lórí ẹ̀sùn pé wọ́n sá lójú ogun, pé wọ́n jẹ́ ojo, àti irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó hàn gbangba pé ẹ̀rù ogun ti ba ọpọlọ àwọn kan nínú wọn jẹ́. Ọdún 2006 ni ìjọba tó dárí jì wọ́n. Mo máa ń ronú nípa àwọn ìyá tó ti kú kí ọdún náà tó dé, tí ó jẹ́ pé ojo ni ìwé ìjọba ṣì ń pe ọmọ wọn títí tí wọ́n fi wọ ilẹ̀ sùn. Ní ọdún 1980, lẹ́yìn ogun Vietnam, ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó fi orúkọ PTSD, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tí ìpayà ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú ń fi síni lára, sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí àjálù bá ni ó ń ṣàìsàn, ó sì yẹ kí a sọ èyí kedere, nítorí pé mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ gbogbo ènìyàn tí ìyà ti jẹ rí di aláìsàn ọpọlọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 70 nínú 100 ènìyàn ni ohun tó lè dá ọgbẹ́ sí ọkàn máa ń ṣẹlẹ̀ sí nígbà ayé wọn, ṣùgbọ́n nǹkan bíi mẹ́fà péré nínú 100 àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí ni PTSD ń mú. Níbi tí ogun bá ti jà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ní ọdún 2019, àjọ kan náà ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 22 nínú 100 àwọn tó ń gbé irú ibẹ̀ ni àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn ń bá fínra. Kí ló wá fa ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó bọ́ nínú rẹ̀ àti ẹni tí kò bọ́? Bí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣe le tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe síni, pàápàá ìfipábánilòpọ̀, a máa dá ọgbẹ́ tó jinlẹ̀ ju ti ìjàǹbá lásán lọ. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ tún rí i pé àìní alátìlẹ́yìn lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ wà lára ohun tó lágbára jù lọ tó ń jẹ́ kí ọgbẹ́ náà di àìsàn. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn wá. A kò lè dá ilẹ̀ dúró kí ó má mì, ṣùgbọ́n àwa ni a ń pinnu bóyá ẹni tí a yọ lábẹ́ àlàpà yóò rí ẹni tí yóò jókòó tì í ní oṣù kẹfà lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà.

Ti àwọn ọmọdé ló ká mi lára jù. Ní ọdún 1998, Vincent Felitti àti Robert Anda pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi bi àgbàlagbà tó lé ní 9,000 léèrè nípa ohun tí ojú wọn rí nígbà èwe: lílù, ìfipábánilòpọ̀, ìyá tí wọ́n ń lù nílé, òbí tó jẹ́ ọ̀mùtí, ará ilé tó wà lẹ́wọ̀n, àti irú rẹ̀. Àwọn tí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú nǹkan wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀ sí ní ewu ọtí àmupara, oògùn olóró, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìgbìyànjú láti gbẹ̀mí ara ẹni ní ìlọ́po mẹ́rin sí ìlọ́po méjìlá ju àwọn tí ìkankan kò ṣẹlẹ̀ sí lọ. Ọmọ kékeré kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ohun tó ń ṣe é. Yóò tọ̀ sílé ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, yóò bá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, kò ní gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ, àgbà yóò sì ní olóríkunkun ni, yóò nà án kún èyí tó ti ń jẹ níyà tẹ́lẹ̀.

Kì í sì í tán lára ẹnì kan. Nígbà ìyàn tó mú ní orílẹ̀-èdè Netherlands láàárín ọdún 1944 sí 1945, lábẹ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì, àwọn ọmọ tí oyún wọn dúró nígbà tí ìyàn náà mú jù dàgbà tán, a sì rí i pé ewu schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó lè mú kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí, lára wọn tó ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù. Ní Kánádà, ó lé ní 150,000 ọmọ àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ náà tí wọ́n kó kúrò lọ́wọ́ òbí wọn, tí wọ́n kó sí ilé ẹ̀kọ́ onígbèé fún ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń jẹ wọ́n níyà bí wọ́n bá sọ èdè ìyá wọn. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà jábọ̀ ní ọdún 2015. Ẹni tí a kò gbá mọ́ra rí láti ọmọ ọdún mẹ́fà di òbí, kò sì mọ bí a ṣe ń gbá ọmọ mọ́ra. Àwọn kan ń sọ pé ìpayà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, pé ó ti yí bí àwọn gene, ìyẹn ohun inú ara tí òbí fi ń gbé àbùdá fún ọmọ, ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Ìwádìí ń lọ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà nípa ènìyàn kò tíì tó ohun tí wọ́n ń pariwo, mi ò sì fẹ́ kí a máa sọ fún ọmọ ẹni tí ìyà jẹ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí a ṣe tọ́ ọmọ, ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú ilé, àti òṣì tí àjálù fi sílẹ̀ tó láti gbé ọgbẹ́ láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ní Rùwáńdà, ní ọdún 1994, nǹkan bí 800,000 ènìyàn ni wọ́n pa láàárín ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹrin bá dé tí wọ́n ń ṣe ìrántí, àwọn kan a máa ṣubú lulẹ̀ láàárín èrò, wọn a máa pariwo pé àwọn apànìyàn ti ń bọ̀. Ihahamuka ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn, ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ẹni tí ẹ̀rù gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí nípa orílẹ̀-èdè náà ni pé wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn tó máa ń dúró láàárín èrò lọ́jọ́ ìrántí, kí wọ́n lè gbé ẹni tí ó bá bá lọ sí ibi tó dákẹ́, kí wọ́n sì jókòó tì í. Wọn kò sọ fún un pé ó ti kọjá.

Àwọn kan yóò sọ pé oníṣègùn ọpọlọ kò tó, pé owó kò sí. Òótọ́ ni pé wọn kò tó. Ṣùgbọ́n ní Zimbabwe, láti ọdún 2006, oníṣègùn ọpọlọ Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà bí wọn yóò ṣe máa jókòó pẹ̀lú aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn, tí wọn yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀, tí wọn yóò sì bá a wá ọ̀nà àbáyọ sí ìṣòro kan lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ìyá wọ̀nyí kò sọ orúkọ àìsàn tí kò yé ẹnikẹ́ni. Kufungisisa ni wọ́n ń pè é ní èdè Shona, ìyẹn ìrònú àpọ̀jù, ọ̀rọ̀ tí Yorùbá kankan kò nílò kí a túmọ̀ fún òun. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2016 lórí ènìyàn 573 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o: mi ò ní kí a máa fi ipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí àjálù ṣẹ̀ṣẹ̀ bá. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti gbani nímọ̀ràn pé kí a má ṣe mú ẹni tí ohun burúkú ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí kí ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé kì í dènà àìsàn náà. Ibi ààbò, omi mímu, aṣọ ìbora àti ìròyìn nípa àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó nílò lọ́jọ́ náà. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí etí wà ńlẹ̀. Bí oṣù bá gorí oṣù tí kò sì lè sùn, tí kò lè ṣiṣẹ́, ìtọ́jú wà fún un, ẹ̀rí sì wà pé ó ń ṣiṣẹ́, pàápàá ìtọ́jú tí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ ọ.

Mo ti padà lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ fún wọn pé ohun tí mo sọ lóru ọjọ́ yẹn kò dára, mo sì ní bí wọ́n bá fẹ́ sọ bí iná náà ṣe rí, mo ní àyè láti gbọ́. Ó tó wákàtí méjì tí wọ́n fi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n jáde síta, wọ́n ka àwọn ọmọ nínú òkùnkùn, méjì ni wọ́n rí dípò mẹ́ta, wọ́n sì ti yíjú padà láti wọ inú iná náà kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀kẹta ti di aṣọ wọn mú láti ẹ̀yìn. Láti ọdún mọ́kànlá, wọ́n ní kò sí ẹni tí ó bi wọ́n rí. Wọ́n ti gbà pé àwọn yóò lọ rí ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú rẹ̀, èmi ni n ó sì tẹ̀ lé wọn lọ. Bàtà náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.