Eré Tó Ń Pa Wá Lẹ́rìn-ín, Òótọ́ Ló Ń Sọ

Nínú fíìmù Dr. Strangelove, tí Stanley Kubrick gbé jáde lọ́dún 1964, ìjọba Sófíẹ̀tì, tí Rọ́ṣíà jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, ti ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò pa gbogbo ohun alààyè run bí ẹnikẹ́ni bá ju bọ́ǹbù runlérùnnà sí ilẹ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó lè dá ẹ̀rọ náà dúró. Wọn kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ní in. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ kéde rẹ̀, torí pé olórí wọn fẹ́ràn kó máa ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Bọ́ǹbù Amẹ́ríkà kò dúró de Mọ́ńdè.

Kurt Vonnegut, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, náà mọ irú ìwà báyìí. Ẹlẹ́wọ̀n ogun ló jẹ́ ní Dresden, ní Jámánì, nígbà tí bọ́ǹbù sọ àárín ìlú náà di eérú ní oṣù kejì ọdún 1945. Nínú ìwé rẹ̀, Cat's Cradle, ti ọdún 1963, ọ̀gágun kan ní ẹrẹ̀ ti sú àwọn ọmọ ogun òun, kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá nǹkan ṣe sí i. Onímọ̀ náà ṣe ohun kan tó ń sọ omi di yìnyín láìsí òtútù. Ẹrẹ̀ lásán ni wọ́n fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o. Gbogbo òkun ayé ló dì gbagidi níkẹyìn.

Irú ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì apanilẹ́rìn-ín yìí kì í fi iwin ṣe apanirun. Èèyàn bíi tiwa ni: ọ̀gá tí kò fẹ́ kójú ti òun, ọmọṣẹ́ tí kì í béèrè ìdí, onímọ̀ tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń wú lórí jù. Ẹni tó bá pè é ní àsọdùn, kó rántí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 1979. Kọ̀ǹpútà ológun Amẹ́ríkà kéde pé mísáìlì Sófíẹ̀tì ti ń rọ́ bọ̀. Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ẹnìkan ti kì bọ inú rẹ̀. Lọ́dún 1983, nítòsí Moscow, ẹ̀rọ sọ fún Stanislav Petrov, ọ̀gá ológun Sófíẹ̀tì tó ń ṣọ́ ọ, pé mísáìlì kan ń bọ̀, lẹ́yìn náà mẹ́rin sí i. Ó rò ó pé kò sẹ́ni tí í fi mísáìlì márùn-ún péré bẹ̀rẹ̀ ogun, ó sì ní irọ́ ni. Ìtànṣán oòrùn tó tàn sórí kùrukùru ló tan sátẹ́láìtì jẹ.

Orílẹ̀-èdè 9 ló ní ohun ìjà runlérùnnà. Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ṣì ń tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú tiwọn ní ìmúrasílẹ̀, tó fi jẹ́ pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n lè gbéra, mísáìlì tó bá sì ti gbéra kò ṣe é pè padà. Ìwà burúkú pátápátá lèyí, ó sì yẹ kí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀, kí ẹni tó bá wà níbi ẹ̀rọ lè ráyè ṣiyèméjì.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ní Lima, olú ìlú Peru, Joe Biden, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, àti Xi Jinping, ààrẹ Ṣáínà, gbà pé èèyàn ló gbọ́dọ̀ máa pinnu lílo ohun ìjà wọ̀nyí, kì í ṣe òye àtọwọ́dá (AI). Inú wa dùn sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Kí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kọ ọ́ sínú àdéhùn, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn mìíràn wá yẹ̀ ẹ́ wò.