"Mi ò tíì ṣe é" kì í ṣe "mi ò ṣe é"

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó yé wa, mi ò kì í ṣe lọ́yà o. Ìwé ni mò ń bá èèyàn tẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù májísíréètì n'Ìbàdàn níbí, kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan tó máa ń há pépà mọ́nú, jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo ju èmi gan-an lọ. Àfídáfítì, ìwé bẹ́ẹ̀lì, lẹ́tà ṣúrẹ́tì, ọwọ́ mi ni gbogbo ẹ̀ ń gbà kọjá, ọdún kọkànlá rèé. Téèyàn bá jókòó síbi tí mò ń jókòó sí yìí, kò ní pẹ́ mọ̀ pé ìbéèrè kan náà ni gbogbo ayé ń gbé kiri. Ṣé wọ́n lè mú mi torí gbèsè? Ṣé wọ́n lè mú màmá mi dípò mi? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n lè fi tì mí mọ́lé? Ṣé lóòótọ́ ni bẹ́ẹ̀lì jẹ́ ọ̀fẹ́? Èyí tó ń ká mi lára jù nínú wọn, ẹnikẹ́ni ò bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí: ṣé mo lè fi Yorùbá kọ sítétímẹ́ǹtì mi, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnu mi tí ọlọ́pàá ń kọ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn?

Ọkọ àbúrò mi obìnrin ló jẹ́ kí n mọ ìtumọ̀ ìbéèrè yẹn. Káfíńtà ni, ọwọ́ ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n kò kàwé kọjá píráìmárì fáìfù. Ọkùnrin kan gbé iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná fún un, ó san ₦380,000 sílẹ̀, ìyókù di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Káfíńtà wa ra igi díẹ̀, kó tó padà lọ ra èyí tó kù owó pákó ti gbéra, ni ọ̀rọ̀ bá di ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan sí i, ẹ fún mi lọ́sẹ̀ méjì, nígbà tó yá kò gbé fóònù mọ́. Ẹ̀bi tiẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò ní gbè é lẹ́yìn lórí ìyẹn, ẹni tó gba owó olówó yẹ kó máa gbé fóònù. Ṣá, ọ̀sán ọjọ́ Fráídè kan ni ọlọ́pàá wá gbé e ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó dé kántà, IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀, tó gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, Yorùbá ni wọ́n jọ sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó tiẹ̀ bi í pé níbo ni bàbá ẹ̀ ti wá. Ohun tí ọkọ àbúrò mi sọ ò ju báyìí lọ: "Ọ̀gá, mo gba owó lọ́wọ́ wọn lóòótọ́, mi ò tíì bá wọn ṣe é ni, igi ló wọ́n." Ọlọ́pàá ń gbọ́ Yorùbá, ó ń kọ òyìnbó. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó ní kó tẹ ìka síbẹ̀, ó sì tẹ ìka. Kò sẹ́ni tó kà á padà sí i létí.

Mi ò mọ nǹkan tó wà nínú ìwé yẹn títí ẹjọ́ fi dé kọ́ọ̀tù, tí lọ́yà wa gba ẹ̀dà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ọlọ́pàá, tó wá rán an sí mi pé kí n ṣe fọ́tòkọ́pì mẹ́ta. Mo dúró ti ẹ̀rọ, mo ń kà á bó ṣe ń jáde. Ó gbowó. Kò ṣiṣẹ́. Ó ná owó náà. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. "Tíì" ti poora. Igi tó wọ́n ti poora. Òyìnbó náà ní "tíì" tiwọn o, wọn ò kàn kọ ọ́ ni.

Ẹ wò ó dáadáa. "Mi ò tíì ṣe é" ni ẹnu ẹni tó ṣì fẹ́ ṣe é. Àdéhùn ló yẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ni, kọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè ló yẹ kí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un lọ bá. "Mi ò ṣe é, mo ná an" ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀sùn jìbìtì kalẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn kọ́ọ̀tù ń pè ní OBT, ìyẹn fífi irọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ oní-nǹkan. Ọ̀rọ̀ kékeré báyẹn ló wà láàárín gbèsè àti ẹ̀wọ̀n.

Torí náà tẹ́ ẹ bá bi mí pé ṣé ọlọ́pàá lè mú èèyàn torí gbèsè, ìdáhùn mi ni pé òfin ní rárá, tẹ́ṣàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Òfin ọlọ́pàá tí wọ́n ṣe ní 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí àdéhùn tó yẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn náà ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má tan yín jẹ o, tó bá jẹ́ pé irọ́ lo pa látìbẹ̀rẹ̀, tó o sọ pé o ní ilẹ̀ tó o ò ní, tó o sọ pé o ní ọjà tí kò sí níbì kankan, ìyẹn kì í ṣe gbèsè mọ́. Ṣẹ́ẹ̀kì tí kò sówó nídìí ẹ̀ náà yàtọ̀, òfin tiẹ̀ dá wà, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sì wà nínú ẹ̀. Mo rí àwọn tó ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì bí ẹni kọ lẹ́tà ìfẹ́, ẹ rọra o.

Ti mímú ìyá dípò ọmọ, kò gba àròjinlẹ̀. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, òfin 2015 yẹn náà sì sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnì kan rọ́pò ẹlòmíì. Síbẹ̀ mo ti tẹ ìwé fún ìyàwó tó sun tẹ́ṣàn torí ọkọ sá lọ.

Ìbéèrè ọjọ́ mélòó wá nìyí. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín ogójì kìlómítà síbi tí wọ́n ti mú ẹ, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé ẹ dé iwájú adájọ́. Tó bá jìnnà jùyẹn lọ, ọjọ́ méjì, tàbí iye tí kọ́ọ̀tù bá rí i pé ó tọ́. Ẹ̀sùn tó lè la ikú lọ, bí ìpànìyàn àti ìdigunjalè, wọ́n yọ ọ́ sẹ́yìn. Ẹ sọ fún mi, ibo n'Ìbàdàn ló jìn tó ogójì kìlómítà sí kọ́ọ̀tù? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn ọjọ́ Fráídè. Tí wọ́n bá gbé ẹ lọ́sàn-án Fráídè, kọ́ọ̀tù ti palẹ̀ mọ́, Sátidé ò sí, Sọ́ńdè ò sí, Mọ́ńdè lo máa tó rí adájọ́. Mi ò rí i kà nínú abala yẹn pé kí wọ́n yọ Sátidé àti Sọ́ńdè kúrò nínú ọjọ́ o, àwọn ló fi kún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí fún tiwa. Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n ní ká mú ₦50,000 wá fún bẹ́ẹ̀lì, a rí ₦30,000 kó jọ, wọ́n gbà á, wọ́n tún ní DPO, ọ̀gá tẹ́ṣàn, ò sí nílé ká padà wá Mọ́ńdè. Lókè orí ẹni tó gba owó yẹn ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé ọ̀fẹ́ ni bẹ́ẹ̀lì. Lóòótọ́ ọ̀fẹ́ ni, ohun tí ṣúrẹ́tì ń fọwọ́ sí ni pé tí ẹni tó dúró fún bá sá òun máa sanwó, kì í ṣe pé kó san án sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé àwọn ọlọ́pàá míì ló ń fi owó ara wọn ra bíró àti pépà tí wọ́n fi ń kọ sítétímẹ́ǹtì, mo sì ń tà á fún wọn, àánú wọn máa ń ṣe mí nígbà míì. Ṣùgbọ́n bíró wo ló tó ₦30,000? (Ẹ̀yin obìnrin, ẹni tó bá sọ fún yín pé obìnrin ò lè ṣe ṣúrẹ́tì, irọ́ ni, òfin 2015 kọ̀ ọ́.)

Ó yá, ọ̀rọ̀ èdè ni mo tìtorí ẹ̀ kọ èyí. Abala 35 yẹn kan náà ní láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ohun tí wọ́n mú ẹ fún, ní èdè tó yé ẹ. Abala 36 ní tó o bá dé kọ́ọ̀tù, kí wọ́n ka ẹ̀sùn sí ẹ ní èdè tó yé ẹ, tó ò bá gbọ́ èyí tí wọ́n ń sọ kí wọ́n fún ẹ lógbufọ̀, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Ti sítétímẹ́ǹtì ńkọ́? Ohun tí lọ́yà wa ṣàlàyé fún mi ni pé bó ṣe yẹ kó rí látayébáyé ni kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè tó o fi sọ ọ́, kí wọ́n wá túmọ̀ ẹ̀ sí òyìnbó, kí ìwé méjèèjì jọ wà nínú fáìlì. Tí ògbufọ̀ bá sì wà níbẹ̀, òun fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí ní kọ́ọ̀tù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ "wọ́n ní ó sọ" ni, adájọ́ ò ní gbà á wọlé. Èkó tiẹ̀ ṣe òfin ní 2007 pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ́wọ́, kí wọ́n ká a sórí fídíò, tí kò bá sí fídíò kí lọ́yà ẹ̀ wà níbẹ̀.

Ta ló sọ èyí fún ọkọ àbúrò mi? Nígbà EndSARS ní 2020, àwọn fọ́tò tí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ aráàlú sí ń já wọ WhatsApp mi láàárọ̀ lálẹ́, ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó dé ọwọ́ tèmi, òyìnbó ni. Káfíńtà ò ka ìkankan nínú ẹ̀.

Nǹkan míì tún wà tó jẹ́ tiwa, tí lọ́yà tó kàwé lókè òkun ò lè mọ̀. Wọ́n ní o lè dákẹ́ títí o fi máa rí lọ́yà, òfin ni, abala 35 náà ni. Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà pé ẹni bá dákẹ́ tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, báwo la ṣe fẹ́ dákẹ́ níwájú ọlọ́pàá? Yorùbá ò dákẹ́, Yorùbá á bẹ̀bẹ̀. Mo ti rí ọmọkùnrin tí kò mọ nǹkan kan nípa fóònù tí wọ́n ní ó sọnù, tó dọ̀bálẹ̀ ní tẹ́ṣàn pé ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ èṣù ni, ẹ forí jì mí. Ẹ̀bẹ̀ lásán ni lẹ́nu tiwa, bá a ṣe máa ń bẹ ẹni tínú ń bí nìyẹn, kódà tá ò bá jẹ̀bi. Ẹ wá gbé "iṣẹ́ èṣù ni" sínú òyìnbó kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí pépà, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ní tèmi o, ẹ fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ dìgbà tí lọ́yà bá dé. Ẹ ní "Yorùbá ni mo gbọ́, ẹ fi Yorùbá kọ ọ́, kẹ́ ẹ kà á sí mi létí kí n tó tẹ ìka." Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ fi sà sí i. Bí wọ́n bá fi ìyà halẹ̀ mọ́ yín, èyí náà wà nínú òfin, ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà gbà, kọ́ọ̀tù ò gbọdọ̀ lò ó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó rọrùn fún mi láti sọ látẹ̀yìn kọ̀ǹpútà.

Tówó ò bá sí, Legal Aid, ìyẹn àwọn lọ́yà ìjọba fún aláìní, wà ní gbogbo ìpínlẹ̀, Èkó sì ní irú ẹ̀ tiwọn tí wọ́n ń pè ní OPD, ọ̀fẹ́ ni fún aláìní. Ẹ lọ bá wọn kẹ́ ẹ tó fa ara yín lé àwọn lọ́yà tó ń dúró lẹ́nu géètì kọ́ọ̀tù tí ò tiẹ̀ ní ka fáìlì yín.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, nígbà tí wọ́n ka ẹ̀sùn, rejístírà bi í ní Yorùbá: "Ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?" Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní "Mo jẹ wọ́n lówó, mo gbà." Kíá ni lọ́yà wa dìde. Ọpẹ́lọpẹ́ adájọ́ tó jẹ́ ọmọ ilé, màmá náà bọ́ gíláàsì, wọ́n fi Yorùbá tún un bi léèrè pé kì í ṣe owó tó jẹ làwọn ń bèèrè o, ṣé ó lu ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un ní jìbìtì ni. Ojú káfíńtà là. "Háà, rárá o, màmá!" Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi, wọ́n gba bẹ́ẹ̀lì ẹ̀ pẹ̀lú ṣúrẹ́tì kan. Oṣù keje lẹ́yìn ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un fa ọwọ́ ẹjọ́ sẹ́yìn. Ká ní adájọ́ míì ni ńkọ́? Ju ìdajì lọ nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ni wọn ò tíì dájọ́ wọn. Ẹ tún wo "tíì" yẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyá kan wọlé pé kí n bá òun tẹ lẹ́tà ṣúrẹ́tì fún ọmọ òun. Mo bi wọ́n pé màmá, kí ni ọmọ yín kọ ní tẹ́ṣàn? Wọ́n ní òyìnbó ni, àwọn ò mọ̀ ọ́n kà, ọmọ náà kàn tọwọ́ bọ̀ ọ́ ni. Mo lọ pa jẹnẹrétọ̀. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sọ ọ́ fún mi bí ọmọ yẹn ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ní Yorùbá, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún lọ́yà.