Q láìsí U kì í ṣe ẹrù nínú Scrabble

Nínú Scrabble, eré tí a ti ń fi lẹ́tà to ọ̀rọ̀ sórí pátákó, wọ́n ń pín in kiri pé bí Q bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ tí U kò sí, àfi kí o dá a padà sínú àpò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Bí o bá pààrọ̀ lẹ́tà, ìgbà tó kàn ọ́ láti ta ti lọ nìyẹn. QI (ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí agbára ìyè nínú èrò àwọn ará Ṣáínà) ni kí o kọ́kọ́ wá, nítorí U 4 péré ló wà nínú àpò, I sì jẹ́ 9. Bí I kan bá wà lórí pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún ojú tó ń sọ máàkì lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta, gbé Q síbẹ̀, kí o fi I tìrẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. QI jáde ní ìbú àti ní òòró: máàkì 31 (Q tó jẹ́ 10 di 30, I jẹ́ 1) lọ́nà méjì, 62 nìyẹn. QAT, FAQIR, NIQAB, QWERTY náà wọlé. IRAQ ni kò wọlé, torí orúkọ orílẹ̀-èdè ni.