Ẹ Yé Sọ Pé Singapore Ò Dáko Rí

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa àgbẹ̀ pe olùbánisọ̀rọ̀ kan wá, ó wọ kóòtù dé, ó gba máìkì, kò sì pẹ́ tó fi já sí Singapore: erékùṣù tí kò ní ilẹ̀ tí èèyàn lè gbin ẹ̀fọ́ sí, abúlé apẹja lásán, wọn ò dáko rí, ẹ wá wo ibi tí wọ́n dé lónìí! Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Èmi káwọ́ gbera. Mo ti ṣiṣẹ́ wẹ́dà níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní àgbègbè Tuas, ní Singapore yìí kan náà, mo sì ti bá èèyàn tí wọ́n bí sínú oko ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀ jẹun lórí tábìlì kan. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Singapore dáko. Ó dáko dáadáa. Ìjọba ibẹ̀ ló jókòó tí wọ́n ṣírò, tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ kó oko kúrò nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn sí bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, oko tó wà ní Singapore lé ní 20,000, ilẹ̀ tí wọ́n sì gbà lé ní 14,000 hẹ́kítà. Gbogbo ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn ò ju nǹkan bí 580 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á rí i pé oko nìkan gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Nígbà tó fi máa di 1988, oko 2,075 ló ṣẹ́ kù, lórí 2,037 hẹ́kítà. Lónìí, ilẹ̀ oko ò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ibi tí èèyàn ò bá dáko sí rí, kí ni wọ́n rí kó kúrò níbẹ̀?

Wọn kì í sì í ṣe oko ẹ̀yìnkùlé o. Ìdílé ọmọ Ṣáínà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dá a, ilẹ̀ kóówá wọn ò tóbi, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ bàtà kan ṣòfò. Ẹlẹ́dẹ̀ wà níbí, adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ wà lọ́hùn-ún, odò ẹja wà láàárín, ebè ẹ̀fọ́ yí wọn ká. Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ń lọ sínú odò ẹja àti sórí ebè. Ewéko tó ń léfòó lórí omi, wọ́n á kó o, wọ́n á sè é, ẹlẹ́dẹ̀ á jẹ ẹ́. Lọ́dún 1970 sókè, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, adìyẹ àti ẹyin tí wọ́n ń sìn nílé tó wọn jẹ. Àwa tí a ní ilẹ̀ rẹrẹ yìí, ṣé ẹyin tiwa tó wa?

Fóómaànù tí mo bá ṣiṣẹ́, Uncle la máa ń pè é (gbogbo àgbà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, bíi tiwa náà). Oko bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ wà nítòsí odò tó ń ṣàn lọ sínú ìlú. Ní 1977 ni Lee Kuan Yew, olórí ìjọba ibẹ̀ nígbà yẹn, ní kí wọ́n fọ Odò Singapore àti Kallang mọ́ láàárín ọdún mẹ́wàá, oko ẹlẹ́dẹ̀ àti oko pẹ́pẹ́yẹ sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ lé, torí inú odò ni ẹ̀gbin wọn ń lọ. Wọ́n darí ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹ́lẹ́dẹ̀ lọ sí Punggol, níhà àríwá ìlà oòrùn. Bàbá Uncle lọ. Ó kọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ tuntun, ó yá owó sí i. Ní 1984, ìjọba kan náà kéde pé àwọn ò fẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ sísìn mọ́ rárá, ní Punggol tàbí níbòmíràn. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi máa parí, ó ti tán. Uncle ò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, kò sì yin ìjọba. Ó ní wọ́n san owó gbà-má-bínú, ó ní bàbá òun ní kò tó owó ilé ẹlẹ́dẹ̀ tuntun yẹn, ó sì bu omi ọbẹ̀ sórí ìrẹsì rẹ̀.

Ìdí tí ìjọba fi ṣe é kò fara sin. Ilẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ wà ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ilé alájà gogoro tí ará ìlú á máa gbé. Omi òjò tó ń ṣàn gba àárín oko kọjá ni wọ́n fẹ́ gbà sínú adágún kí ìlú lè máa mu ún. Wọ́n sì wò ó pé owó tí àwọn á fi tọ́jú ẹ̀gbin ẹlẹ́dẹ̀, ó sàn kí àwọn fi ra ẹran láti òkè òkun. Òfin tó jẹ́ kí ó rọrùn ti wà nílẹ̀ láti 1966, òfin tí ìjọba lè fi gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni fún ìlò gbogbogbòò. Bó bá jẹ́ ní abúlé wa ni, ẹjọ́ á ṣì wà ní kóòtù.

Olùbánisọ̀rọ̀ wa á ní, ó dáa, àwọn ọdún 1960 ni mò ń wí, kó tó dìgbà yẹn ńkọ́? Kó tó dìgbà yẹn gan-an ni oko pọ̀ jù. Kí Raffles, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó dá ibùdó òwò sílẹ̀ níbẹ̀, tó gúnlẹ̀ ní 1819 ni àwọn èèyàn ti ń gbin gambier níbẹ̀, igi kékeré tí wọ́n máa ń se ewé rẹ̀ títí á fi ki, tí àwọn tó ń ṣe awọ bàtà ń rà. Wọ́n máa ń gbin ata dúdú oníhóró mọ́ ọn, ṣàǹtì ewé gambier sì ni ajílẹ̀ ata náà. Wọ́n gé igbó láti fi dáná sísè yìí, wọ́n dá oko wọnú erékùṣù, débi pé ẹkùn bẹ̀rẹ̀ sí í pa òṣìṣẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n gambier kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Láàárín ogún ọdún, ilẹ̀ á ti ṣá, ẹ̀kan á sì gbà á. Àgbẹ̀ ni yín, ẹ mọ ohun tí ẹ̀kan ń ṣe. Àwọn tó ń gbìn ín kó lọ sí Johor, ní ilẹ̀ Malaysia òní, ní òdìkejì omi. Nutmeg, igi tí wọ́n ń fi kóró rẹ̀ ta oúnjẹ lọ́fíndà, náà wà nílẹ̀ nígbà yẹn, ní ibi tí òpópónà Orchard Road tó kún fún ṣọ́ọ̀bù olówó ńlá wà báyìí, kí àrùn tó pa á run.

Ẹ̀yìn náà ni rọ́bà dé. Ní 1877, igi rọ́bà kéékèèké 22 ti ọgbà ewéko Kew ní Lọ́ńdọ̀nù dé Singapore, láti inú kóró tí wọ́n kó ní Brazil. Ridley, tó jẹ́ olórí ọgbà ewéko ibẹ̀ láti 1888 sí 1911, ló fi han àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè máa kọ igi náà kí oje jáde láìpa igi. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní wèrè. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1935, rọ́bà nìkan ti gba ilẹ̀ tó sún mọ́ ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún erékùṣù náà. Nígbà tí àwọn Japan sì gba ìlú láàárín 1942 sí 1945, pákí àti ọ̀dùnkún ni wọ́n gbìn sí àgbàlá àti pápá kí ebi má baà pa wọ́n. Pákí o! Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ọ̀gá oníkóòtù.

Mo gbà pé ìṣirò ilẹ̀ láyé òyìnbó ò lè péye tán, torí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ò forúkọ oko wọn sílẹ̀. Kò yí nǹkan kan padà.

“Ṣùgbọ́n erékùṣù náà kéré, kò sí ilẹ̀.” Èyí ló máa ń bí mi nínú jù. Ilẹ̀ Singapore ń pọ̀ sí i ni. Wọ́n ń da yanrìn sínú òkun, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Lẹkki, láti àwọn ọdún 1960. 580 kìlómítà níbùú lóròó yẹn ti lé ní 730 báyìí. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ ń pọ̀ yìí ni oko ń dín kù. Pápákọ̀ òfuurufú Changi wà lára ibi tí ilẹ̀ tuntun lọ. Ilé iṣẹ́ wà, èbúté wà, Tuas tí mo ti ń jó irin gan-an, yanrìn inú òkun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó ní kò sí ilẹ̀, ilẹ̀ fún kí ni?

Mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kranji àti Lim Chu Kang bí a bá ní ìsinmi, torí ara mi ń fẹ́ ibi tí koríko wà. Oko tó kù nígbà yẹn wà níbẹ̀: ẹ̀fọ́, ewúrẹ́, adìyẹ, àní oko ọ̀pọ̀lọ́ (wọ́n ń jẹ ẹ́, ẹ má wò mí). Ní 2014, wọ́n sọ fún oko 62 ní Lim Chu Kang pé ilẹ̀ wọn máa di ti ológun bí àdéhùn wọn bá parí. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 2019, ìjọba kan náà kéde pé àwọn fẹ́ kí oko tó wà lórílẹ̀-èdè náà máa pèsè ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ tí ìlú nílò nígbà tó bá fi máa di 2030. Wọ́n náwó sórí oko inú ilé, ewébẹ̀ tí wọ́n tò ní àjà-àjà lábẹ́ iná mànàmáná. Iná wọ́n, ẹ̀fọ́ Malaysia sì pọ̀ lọ́jà ju tiwọn lọ, ó tún rọjú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kógbá sílé, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fi àfojúsùn 2030 yẹn sílẹ̀, wọ́n gbé òmíràn kalẹ̀ fún 2035.