Pé wọ́n gbójú fo ohun dandan fún ẹlòmíràn kò tíì sọ ẹjọ́ yín di àre

Láàárín àwọn agbaṣẹ́ṣe wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kí a máa pè é ní òfin. Wọ́n gbà pé bí ìwé ìdíje fún iṣẹ́ ìjọba bá ti sọ pé ohun kan di dandan, tí mérì tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò ní ohun náà, ẹni tó bá gbé ẹjọ́ lọ ti jàre kó tó lanu. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ó sì ń ba ẹjọ́ tó dára jẹ́, nítorí pé ẹni tó gbà á gbọ́ máa ń fi gbogbo ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ ka àṣìṣe ìjọba, tí kò ní kọ ìlà kan ṣoṣo nípa ohun tí àṣìṣe náà fi ṣe òun.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìwé ìdíje fúnra rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní DAO. Nínú àwòṣe DAO tí a ń lò ní orílẹ̀-èdè Benin, ohun tí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé wò ń wá ni bóyá ìwé olùdíje bá ohun tí a béèrè mu ní ibi tó ṣe kókó. Ìyapa tó ṣe kókó ni èyí tó ń yí bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó tàbí bí yóò ṣe dára tó padà, tàbí èyí tó ń dín ẹ̀tọ́ ìjọba kù nínú ìwé àdéhùn, tàbí èyí tó jẹ́ pé bí a bá gbà á, yóò rẹ́ àwọn olùdíje yòókù jẹ. Àbùkù tí kò tó bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ lè gbójú fò ó. Nítorí náà, kí a tó sọ pé wọ́n rú òfin, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ohun tí wọ́n gbójú fò wà lára èyí tó ṣe kókó.

Ká sọ pé a ti fi èyí hàn, ọ̀ràn kò tíì parí, ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ṣubú. Òfin tí UEMOA, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó ń ná sẹ́fà, ṣe lórí iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 9, oṣù kejìlá, ọdún 2005, fún olùdíje ní ẹ̀tọ́ láti tako ìgbésẹ̀ àti ìpinnu tó pa á lára. Ọ̀rọ̀ ìpalára yìí ni kí ẹ dì mú.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tí mo gbé kalẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Ká ní ìjọba ìbílẹ̀ kan fẹ́ kọ́ iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, DAO sì sọ pé ó di dandan kí agbaṣẹ́ṣe ní ọkọ̀ akóyanrìn tirẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ náà. Nítorí èyí, ẹ ra ọkọ̀, ẹ fi mílíọ̀nù 3 sẹ́fà lé iye tí ẹ kọ, ó wá di mílíọ̀nù 27. Ẹni tó borí kọ mílíọ̀nù 25 àti ààbọ̀, kò ní ọkọ̀ kankan, ìwé ìlérí pé òun yóò háyà ọkọ̀ ló fi sílẹ̀, wọ́n sì gbà á. Bí ẹ bá mọ̀ pé wọn yóò gba ìwé ìlérí, mílíọ̀nù 24 ni ẹ̀ bá kọ, ẹ̀yin ni ẹ̀ bá sì borí. Ìpalára nìyẹn, ó hàn gbangba, ó sì ṣeé fi nọ́ńbà gbè lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ọkọ̀ yín ti wà nílẹ̀ tipẹ́, tí ẹ kò ná fáràn kan nítorí ìdíje yìí, kí ni ẹ̀ bá yí padà nínú ìwé yín? Bó bá sì ṣe mílíọ̀nù 18 ni ẹni tó borí kọ, bí ẹ tilẹ̀ yọ mílíọ̀nù 3 ti ọkọ̀ kúrò, ẹ kò ní bá a níbẹ̀. Àṣìṣe ìjọba kan náà ni, síbẹ̀ agbára ẹjọ́ náà yàtọ̀ pátápátá.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti yẹ ọ̀ràn yìí wò ju ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ, ó sì yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin wọn kò de ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wa. Ilé iṣẹ́ GAO, tó ń bá ilé aṣòfin wọn yẹ ìnáwó ìjọba wò, a máa gbọ́ ẹ̀sùn àwọn olùdíje, ó sì gbọ́dọ̀ sọ èrò rẹ̀ láàárín ọjọ́ 100. Bí ẹnì kan bá lọ sọ fún wọn pé ìjọba dẹ ohun dandan fún ẹni tó borí, ìbéèrè tí wọ́n ń bi í ni pé: ká ní ìwọ náà mọ̀ pé wọn yóò dẹ ẹ́, kí ni ìwọ ì bá ṣe lọ́nà mìíràn tí ì bá fi jẹ́ kí iṣẹ́ náà lè bọ́ sí ọ lọ́wọ́? Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn, wọ́n á dá ẹ̀sùn rẹ̀ nù. Bó bá sì jẹ́ pé olùfisùn náà kò ní ohun dandan ọ̀hún, tí wọ́n sì dẹ ẹ́ fún òun pẹ̀lú, kò sí ìpalára tó lè sọ pé ó dé bá òun.

Ẹ má ṣe torí èyí sáré bọ́ sínú àṣìṣe kejì, kí ẹ wá rò pé iye owó nìkan ló ń dá ẹjọ́. Ní ọdún 1999, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ ilé iṣẹ́ Alfa Laval, tó pe ìjọba lẹ́jọ́ pé àwọn ọmọ ogun ojú omi gbé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ń fọ epo mọ́ fún olùdíje tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá ìdánwò tí ìwé ìdíje béèrè mu. Ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ti gbà pé wọ́n rú òfin, ṣùgbọ́n ó ní owó Alfa Laval ti ga jù, nítorí náà kò fara pa. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ yẹn padà: bí wọ́n bá tẹ̀ lé ìwé ìdíje, ẹni tó borí ì bá ti jáde, Alfa Laval ni ì bá sì kù. Ọ̀nà kejì nìyí láti fi ìpalára hàn, èmi sì gbà pé ó wúlò gan-an fún ẹni tó bá jẹ́ igbá kejì nínú ìdíje. Ẹni tó ṣe ipò kẹrin kò lè gba ọ̀nà yẹn láìkọ́kọ́ fi hàn pé ó yẹ kí ẹni kejì àti ẹni kẹta náà jáde.

Ohun tó dùn mí jù ni bí àkókò ṣe ń bọ́ mọ́ àwọn ènìyàn wa lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe àríyànjiyàn nípa ìwà ẹni tó borí. Lábẹ́ òfin 2020-26, èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ọjọ́ iṣẹ́ 5 péré ni olùdíje ní, láti ìgbà tí wọ́n bá ti kéde ẹni tó gba iṣẹ́, láti kọ ìwé sí PRMP, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣe ètò ìdíje náà, tàbí sí ọ̀gá rẹ̀. PRMP ní ọjọ́ iṣẹ́ 3 láti fèsì. Bí èsì náà kò bá tẹ́ olùfisùn lọ́rùn, ọjọ́ iṣẹ́ 2 ló kù fún un láti gbé ọ̀ràn náà dé ọ̀dọ̀ ARMP, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba, ẹni tó bá sì fo PRMP, tó gba ARMP lọ tààrà, wọ́n lè dá a padà láìtilẹ̀ ka ẹ̀sùn rẹ̀.

Nítorí pé àkókò kéré tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá gba ìwé pé iṣẹ́ kò bọ́ sí yín lọ́wọ́ ni kí ẹ kọ̀wé béèrè ìdí rẹ̀ ní kíkún. Nínú ìwé ẹ̀sùn fúnra rẹ̀, ẹ tọ́ka sí ojú ìwé DAO tó sọ ohun dandan náà, ẹ sọ ìdí tó fi ṣe kókó sí iṣẹ́ ọ̀hún, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ iye tó ná yín láti ní in, pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀, àti iye tí ẹ̀ bá kọ bí ẹ bá mọ̀ pé wọn kò ní béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni igbá kejì, ẹ kọ ìyẹn náà sí i.