Ọgọ́rùn-ún ọdún wo ni à ń sọ?

Ìròyìn kan tí mo kà pe ìkún omi odò Big Thompson ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, ní èyí tí í wáyé lẹ́ẹ̀kan láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, bí ẹni pé omi a máa dá ọjọ́ tí yóò dé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìṣeéṣe rẹ̀ lọ́dọọdún jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́dún méjì tó tẹ̀ léra. Nítorí pé ibùdó tí a ti ń wọn omi kì í pọ̀ lórí òkè, àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gùn, àwọn onímọ̀ a máa kó àkọsílẹ̀ àwọn odò tó jọra ní àgbègbè kan pọ̀, kí wọ́n lè fi ṣírò fún odò tí a kò wọ̀n rí. Ṣùgbọ́n ní Colorado, yìnyín tó ń yọ́ ló sábà ń fa ìkún omi níbi tó ga ju nǹkan bí mítà 2,300 lọ, nígbà tí òjò líle ń fa ti ìsàlẹ̀, irú èyí tó pa ènìyàn tó ju 140 lọ ní odò yìí kan náà ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1976. Lójú tèmi, ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ sínú ìṣirò kan ṣoṣo ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ó sì yẹ kí oníròyìn náà sọ iye ọdún tí àkọsílẹ̀ tó gbójú lé kó já.