Eṣinṣin kékeré kì í ṣe ọmọ eṣinṣin ńlá

Bí eṣinṣin kékeré bá ń fò kiri, ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé ọmọ eṣinṣin ni, pé ó ṣì ń bọ̀ wá dàgbà. Irọ́ ni. Ìdin ni ọmọ eṣinṣin. Òun ló ń jẹun, òun ló ń dàgbà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń bọ́ awọ kó tó yó tán. Lẹ́yìn náà á wá ibi gbígbẹ lọ, á súnkì, awọ ara rẹ̀ á sì le di èèpo pupa rúsúrúsú. Bí ooru bá mú dáadáa, eṣinṣin inú ilé lè lo ọjọ́ 3 sí 6 nínú èèpo yìí.

Mo kó irú èèpo bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò, mo gbé kámẹ́rà tì í. Ẹni tó bá fẹ́ ya irú fọ́tò yìí, kó kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀: àmì dúdú méjì tí ìdin fi ń mí wà níbẹ̀. Òdìkejì ni kó kọjú lẹ́ǹsì sí, ibẹ̀ ni eṣinṣin ń gbà jáde.

Ẹnu èèpo náà là. Ohun tó kọ́kọ́ yọ kì í ṣe ẹsẹ̀ tàbí ìyẹ́, àpò funfun kan ni, tó ń wú láàárín ojú eṣinṣin náà méjèèjì, tó ń lọ sílẹ̀, tó tún ń wú. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló ń tì sínú àpò yìí láti fi ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ gbà mí gbọ́, mo gbàgbé láti tẹ kámẹ́rà! Nígbà tó jáde tán, ara rẹ̀ ṣì rọ̀, ìyẹ́ rẹ̀ ká jọ bíi bébà tí wọ́n rún mọ́wọ́, kò lè fò, ńṣe ló ń sáré. Ó gbé atẹ́gùn mì, ìyẹ́ nà, awọ ara dúdú, ó sì le.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Awọ kòkòrò tó bá ti le kì í nà mọ́, àfi kó bọ́ ọ, eṣinṣin tó sì ti ní ìyẹ́ kì í bọ́ awọ mọ́.

Kantíkantí tí kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ, ẹ̀yà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, òun náà ti dàgbà. Ẹyọ kan kéré gan-an nínú àwọn tó jáde nínú ìgò mi: oúnjẹ kò tó ìdin rẹ̀. Bó ṣe kéré lọ́jọ́ tó jáde náà ló kéré lọ́jọ́ tó kú.